Títí A Ó Fi Pè Ọ́

Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà ni gbogbo ìjọ ń pè é. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni ní ọdún tí ìtàn rẹ̀ parí. Káfíńtà ni, ọmọ káfíńtà, ọmọ-ọmọ ẹni tó ń la pákó nígbà tí ìlú náà kò tíì ní ju òpópónà kan ṣoṣo lọ. Abẹ́ tábìlì iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń tẹ́ ẹ sí nígbà tó wà ní ìkókó, nítorí náà òórùn igi tútù ni òórùn àkọ́kọ́ tí imú rẹ̀ mọ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí ayùn bá gé e lọ́wọ́, ìyẹ̀fun pákó ni yóò jáde, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ibi tó ń jókòó sí ni orúkọ náà ti wá. Ilé ìjọsìn ọ̀hún kò tóbi. Ọ̀wọ́ àga gbọọrọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀nà tóóró kan là wọ́n láàárín, tábìlì Olúwa sì wà níwájú lábẹ́ fèrèsé onígíláàsì. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí, àga gbọọrọ kan dá wà, ó kúrú ju àwọn yòókù lọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Orí àga yìí ni Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà máa ń wà. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá ilẹ̀kùn, òun ni yóò tì í. Bí abiyamọ kan bá fẹ́ gbé ọmọ tó ń ké jáde, òun ni yóò ṣí i fún un láìjẹ́ kó dún. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ ìjọ rò pé iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un nìyẹn. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ rò pé ibẹ̀ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ńṣe ni àgbàlagbà náà ń dúró de ìpè.

Wọ́n fi í síbẹ̀ ni. Wọ́n sì ní kó má kúrò níbẹ̀ títí àwọn yóò fi pè é.

Ní ayé àtijọ́, ìlànà kan wà nínú ìjọ náà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ayé, wọn a mú un kúrò nídìí tábìlì Olúwa, wọn a fi í sórí àga kúkúrú náà. Yóò máa gbọ́ ìwàásù, yóò máa bá wọn kọrin, ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá dìde láti lọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, òun yóò jókòó sí àyè rẹ̀, ẹ̀yìn orí wọn ni yóò máa wò. Nígbà tó bá yá, olùṣọ́àgùntàn yóò dúró níwájú, yóò pè é lójú gbogbo ìjọ, yóò sì rìn gba àárín wọn kọjá lọ sí ìdí tábìlì. Ìpè yẹn ni òpin ìbáwí. Ẹnikẹ́ni kì í pe ara rẹ̀.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kan àga kúkúrú yẹn nígbà èwe rẹ̀. Òun náà ló kan tábìlì Olúwa. Ìtì igi kan náà ló là. Ibi tó fẹ̀ dáadáa ló fi ṣe tábìlì, èyí tó ṣẹ́kù ló fi ṣe àga ẹlẹ́ṣẹ̀. Nígbà náà, kò rò ó pé ìdí ara òun lòun ń wọn.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wá ṣẹ̀?

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Olúwa fi ta òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ, lẹ́yìn tí àwọn ará àdúgbò ti jáwọ́ nínú bíbéèrè ọmọ lọ́wọ́ wọn. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ilé ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá dúró ní àárín ilé, etí ọ̀tún rẹ̀ á máa gbọ́ ayùn, etí òsì á máa gbọ́ ẹ̀rọ. Àárín ìró méjèèjì ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó máa ń ṣa pàǹtí igi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí ìfági bàbá rẹ̀ ń hó jáde, a fi òwú ìyá rẹ̀ sín in, a so ó mọ́ ọrùn, a ní ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó lòun so.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ibà dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ṣe tirẹ̀. Ìjọ ṣe tirẹ̀: wọ́n kún inú ilé náà bámúbámú, wọ́n gbàdúrà títí ohùn wọn fi há. Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ láàárín pàǹtí igi ní ẹ̀yìn ilé, ó ní kí Olúwa gba òun dípò rẹ̀. Ọmọ náà kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n òwe kì í gbé òkú ọmọ kúrò lórí ibùsùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Aláago, nítorí pé aago títúnṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ ni. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí káfíńtà mìíràn bá a kan pósí náà.

“Ta ni yóò wọn ọmọ mi?” ni káfíńtà fi dá a lóhùn.

Ó kàn án fúnra rẹ̀. Inú pósí náà ló fá jù, kì í ṣe ìta, kí ẹ̀gún igi kankan má bàa ha ọmọ náà lára.

Etí sàréè ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Olùṣọ́àgùntàn ìgbà náà, arúgbó onísùúrù kan, ń gbàdúrà. Nígbà tó dé ibi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé Ó ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ Rẹ̀, káfíńtà ju òòlù ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ẹ dákẹ́! Ta ló gbọ́? Ẹ pè É. Èmi pè É. Ìyá ọmọ pè É. Ta ló dá wa lóhùn?” Ó gbójú sókè, ó na ìka. “Ìwọ! Má ṣe dé ilé mi mọ́. O gbọ́? Má dé ibẹ̀ mọ́ láéláé!”

Ó lé gbogbo wọn kúrò ní etí sàréè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Nígbà tó délé, ó mú pákó tó nípọn kan, ó fi dábùú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iwájú, ó kàn án mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilé, láàárín àwọn igi rẹ̀, ni ẹni gbogbo ń gbà wọlé. Àwọn oníbàárà ìyàwó rẹ̀ ń wọ inú yàrá wá wọn aṣọ pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó létí aṣọ wọn. Obìnrin náà gbé ìgbálẹ̀ kan síbẹ̀.

Àwọn alàgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Olùṣọ́àgùntàn arúgbó náà ló sọ ìpinnu wọn fún káfíńtà, tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀ ló sì sọ ọ́.

“A kò bá ọ wí nítorí pé o sunkún. À ń bá ọ wí kí àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ má bàa rò pé bí a ṣe ń bá Olúwa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Lọ jókòó sẹ́yìn títí a ó fi pè ọ́. Kò ní pẹ́.”

Káfíńtà lọ jókòó. Ìbínú rẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìbínú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ dà bí iná pàǹtí igi, kíá ló ń jó tán, eérú rẹ̀ ni kì í tán. Kó tó di Àjíǹde ọdún náà, ó ti ń tẹ́tí sílẹ̀ de ìpè. Ó ti fọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síwájú.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni àrùn ẹ̀gbà kọlu olùṣọ́àgùntàn arúgbó náà. Ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sí ìlú mìíràn, kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó já gaara títí tó fi kú. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò fẹ́ràn ìlànà àga ìbáwí, ó pa á rẹ́ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Alàgbà kọ̀ọ̀kan rò pé olùṣọ́ ti pe káfíńtà lọ́jọ́ tí òun kò sí níbẹ̀, kí àìsàn tó dé, tàbí pé alàgbà ẹgbẹ́ òun ti bá a sọ ọ́. Bí wọ́n sì ti ń rí i tí kò wá sídìí tábìlì, wọ́n gbà pé ọ̀fọ̀ ọmọ ni kò jẹ́ kó wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn alàgbà náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kó ohun tí wọ́n rò lọ sí ibojì. Báyìí ni ọwọ́ ọ̀tún ṣe na ọmọ, tí ọwọ́ òsì sì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Kí ló dé tí kò béèrè? Ìtìjú wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pọ̀ ju ìtìjú lọ. Bó bá béèrè lọ́wọ́ ènìyàn, ènìyàn lè ní kó máa bọ̀. Ẹni tó lé kúrò nílé ńkọ́? Nínú ọkàn rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò ṣe pè é yẹn, Ẹni náà ló ń fi í dá a lóhùn: o ní kí N má dé ilé rẹ mọ́, ó dáa, ìwọ náà dúró síbi tí o wà.

Ọjọ́ Sátidé nìkan ló máa ń dé ìdí tábìlì Olúwa, nígbà tí inú ilé ìjọsìn bá ṣófo. Yóò tẹ àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá wọ́n ń mì, yóò fi òróró díẹ̀ pa á, yóò nù ún gbẹ. Iṣẹ́ káfíńtà nìyẹn. Wọn kò ní kó má ṣe iṣẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, a tún padà sẹ́nu ọ̀nà.

“Olùṣọ́ ẹnubodè!” Bí Aláago ṣe máa ń kí i nìyẹn láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. “Ṣé a lè wọlé lónìí?”

“Kọ́kọ́ sọ iye tí aago lù. Láyé, aago tìrẹ kò bá ti ẹnikẹ́ni dọ́gba rí.”

“Aago tèmi ló tọ̀nà. Oòrùn ló máa ń pẹ́.”

“Wọlé, jàre. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ pẹ́ dé ọ̀run.”

Wọn a rẹ́rìn-ín, Aláago a kọjá lọ síwájú. Káfíńtà a fi ojú sìn ín títí yóò fi jókòó.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ló máa ń nira jù. Ìlà kẹta láti iwájú ni ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sí, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Obìnrin náà yóò gba búrẹ́dì tirẹ̀, yóò bù ú sí méjì, yóò jẹ ìdajì, yóò sì fi aṣọ ìnujú wé ìdajì yòókù. Bí wọ́n bá délé, tí àwọn méjèèjì bá wà ní yàrá iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò tú u.

“Bàbá Ọmọ, ẹ gbà.”

“Kí nìyẹn?”

“Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni.”

“Ta ló ní kó o gbé e wá?”

“Ta ló ní kí n má gbé e wá?”

“Ìyá Ọmọ, a kì í bú ẹnìkan ní gbangba ká tún máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ bú U. Mi ò gbọ́ kí Ó bú yín padà.”

“Ó dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ àgbà, èébú ni.”

“Ẹ gbà á, ọwọ́ ń dùn mí.”

Kì í gbà á. Obìnrin náà a jókòó, a fi ọwọ́ kan gbé ọwọ́ kejì, a jẹ ìdajì náà díẹ̀díẹ̀, bí ìyá ṣe ń jẹ oúnjẹ tí ọmọ tó ń ṣàìsàn kọ̀. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ a kún fún omi. Nígbà mìíràn a fi ẹ̀rín bò ó: “Ẹ ò rí i pé mò ń sanra? Ìpín ẹni méjì ni mò ń jẹ.” Oṣù tó ń bọ̀, a tún gbé e wá. Bí ọjọ́ ogbó rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ ọn, ọwọ́ tó fi ń nà án bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Àìsàn àyà ló mú un lọ. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, olùṣọ́àgùntàn tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì nínú ìjọ, gbé Oúnjẹ Olúwa wá bá a nílé. Ẹ̀yìn ilé ni òun náà gbà wọlé, tí pàǹtí igi lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Aláìsàn náà gba búrẹ́dì, ó bù ú sí méjì lórí ibùsùn. Ó na ìdajì sí ọkọ rẹ̀.

“Lónìí nìkan.”

Káfíńtà mi orí. Olùṣọ́àgùntàn rí i. Ó rò pé ìbànújẹ́ ló pa ebi mọ́ ọn nínú. Obìnrin náà sọ ọwọ́ kalẹ̀ sórí aṣọ ìbora.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Bí mo bá débẹ̀, màá sọ fún Un pé ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Kò lo ọ̀sẹ̀ náà tán. Káfíńtà kan pósí tirẹ̀ náà, ó tún fá inú rẹ̀ ju ìta lọ. Ní etí sàréè, kò jẹ́ kí ohùn òun jáde rárá. Ó ti mọ ohun tí ohùn òun lè bà jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé náà ṣófo ní etí òsì. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, aṣọ funfun bò ó, òwú tí ìyàwó rẹ̀ fi sí i kẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ń fi ọ̀pá rìn lọ sílé ìjọsìn, ó ń tètè dé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí bó ṣe ń di ògiri mú.

Ìjọ wá pinnu pé àwọn yóò fẹ ẹnu ilẹ̀kùn sí i, nítorí èrò ti pọ̀. Olùṣọ́àgùntàn lọ bá a ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fá ẹsẹ̀ àga kan.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.”

“Olùṣọ́, ẹ kú àbọ̀. Ẹ rọra tẹlẹ̀, ìṣó wà níbẹ̀ yẹn.”

“Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo bá wá. Àga kúkúrú yẹn ni yóò kúrò lọ́nà. Ẹ sọ ibi tó bá wù yín níwájú, a ó fi tìmùtìmù sí i fún yín. Ẹ̀yin ti ṣe iṣẹ́ ilẹ̀kùn tó.”

Ìfági dúró lórí igi.

“Ibo lẹ fẹ́ gbé àga náà lọ?”

“Ó ti gbó, Bàbá. Wọ́n ní ká là á dáná.”

“Kò gbó. Èmi ni mo kàn án.” Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, kò mọ ohun tí yóò tún fi ọwọ́ ṣe. “Níbo wá ni ẹni tẹ́ ò tíì pè yóò jókòó sí?”

“Ẹni tí a ò tíì pè báwo?”

“Èmi.”

Olùṣọ́àgùntàn rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ ọ́n sí aláwàdà. Ó tún wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í. Níbẹ̀ ni káfíńtà ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́: pósí ọmọ rẹ̀, ohun tó wí ní etí sàréè, àga kúkúrú, “kò ní pẹ́”.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, olùṣọ́àgùntàn mú Aláago wá. Nínú gbogbo alàgbà ìgbà yẹn, òun nìkan ló kù láyé. Ìró ọ̀pá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni.

“Káfíńtà, kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Kí ló dé tó ò pè mí?”

“Mo rò pé bàbá olùṣọ́ ti pè ọ́ kó tó ṣubú. Lẹ́yìn náà mo rò pé ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ti ṣe é. Lẹ́yìn náà…”

“Lẹ́yìn náà lo wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.”

“Mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mo fẹ́ràn rẹ!”

“Mo mọ̀. Òun ni kò jẹ́ kí n bínú sí ọ.”

Aláago ju ọ̀pá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú pàǹtí igi, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

“Dìde, jọ̀ọ́,” ni káfíńtà wí. “Eékún rẹ kò lágbára mọ́, èmi náà ò sì lè gbé ọ.” Ó na ọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ti ràn án lọ́wọ́ tó sì jókòó, ó ní: “Ti ẹ̀yin alàgbà ti tán. Mo ti dárí jì yín tipẹ́, bí ẹ̀yin náà bá dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mo lé kúrò nílé. Ẹni tí mo lé ńkọ́? Ṣé Òun fẹ́ mi?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin olùṣọ́àgùntàn náà kò ṣí Ìwé. Ó ń wo ilẹ̀.

“Bàbá, lọ́jọ́ tí mo gbé Oúnjẹ Olúwa wá, mo rí ọwọ́ màmá. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣé ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń fún yín?”

“Rárá o. Oṣooṣù ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí sẹ́yìn.”

“Ta lẹ rò pé ó ń rán wọn?”

Káfíńtà ń gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

“Ẹ ní kí Olúwa má dé ilé yín mọ́,” ni olùṣọ́àgùntàn wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. “Oṣooṣù ló ń dé, Bàbá. Ẹ kan ilẹ̀kùn iwájú pa, Ó ń gba inú pàǹtí igi wọlé. Kò dúró kí olùṣọ́ kankan pè yín. Ọwọ́ ìyàwó yín ló fi ń pè yín.”

Láti ibi tí káfíńtà jókòó sí, a lè rí yàrá iwájú, ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ funfun orí rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn títí.

“Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n,” ni ó wí níkẹyìn. “Ó máa ń ní ọwọ́ ń dun òun. Mo jẹ́ kó máa nà án sí mi, mi ò gbà á.” Ó bo ojú. “Yé è! Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Ẹkún tí kò sun ní etí sàréè méjèèjì ló sun lórí àpótí yẹn, Aláago di apá rẹ̀ mú, òun náà ń sunkún. Ìfẹ́ tó rò pé ó ti kọ òun sílẹ̀, inú ilé rẹ̀ ló ti ń gbé. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì ta á bí ọgbẹ́ tí omi kàn, nítorí ẹni tó ń gbé e wá kò sí láyé mọ́ láti rí i pé ó gbà.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù dé. Káfíńtà wọ ẹ̀wù tí ìyàwó rẹ̀ rán fún un kẹ́yìn, ó jókòó sórí àga kúkúrú. Olùṣọ́àgùntàn dúró níwájú, ó sì pe orúkọ rẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ó pè é ketekete. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò gbọ́ orúkọ náà rí. Wọ́n ń yíjú káàkiri, wọ́n ń wá ẹni tó ni ín.

“Máa bọ̀,” ni olùṣọ́àgùntàn wí. “Olúwa ń pè ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń pè ọ́.”

Káfíńtà di ọ̀pá mú, ó gbìyànjú láti dìde. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ó sì padà jókòó gbì. Òógùn bò ó. Ọ̀nà tóóró tó ti ń lá àlá pé òun yóò rìn, ó wà níwájú rẹ̀ gbalaja, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ó ń mi orí, ó ń mi orí, bíi ti ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyàwó rẹ̀.

Aláago ló kọ́kọ́ dìde. Ó lọ sídìí tábìlì Olúwa, ó di igun kan mú. Olùṣọ́àgùntàn wò ó, ó lóye, ó di igun kejì mú. Àwọn méjì mìíràn sáré wá. Wọ́n gbé tábìlì náà pẹ̀lú aṣọ funfun, búrẹ́dì àti ife orí rẹ̀, wọ́n doríkọ ẹnu ọ̀nà.

“Abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbé e!” ni káfíńtà ké láti ẹ̀yìn. “Ẹ má di ojú rẹ̀ mú, yóò yọ! Aláago, rọra o, ìwọ tó máa ń pẹ́, kí ló ń lé ọ lónìí?”

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di omijé lójú ọ̀pọ̀. Wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀ níwájú àga kúkúrú. Ìlà ara igi méjèèjì dojú kọ ara wọn, bí wọ́n ṣe wà nígbà tí ayùn kò tíì là wọ́n.

Ó gba búrẹ́dì. Ó bù ú sí méjì. Ó jẹ ìdajì, ó sì di ìdajì yòókù mọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà ní ìlà kẹta.

“Bàbá, tiyín ni gbogbo rẹ̀,” ni olùṣọ́àgùntàn wí jẹ́jẹ́.

“Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀.”

Wọ́n dúró dè é. Nígbà tó ṣe, ó gbé ìdajì náà sẹ́nu. “Ìyá Ọmọ,” ni ó wí, “mo gbà á.”

Wọn kò la àga kúkúrú náà dáná. Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1996, Aláago lọ kí káfíńtà ní àárọ̀, ó sì bá a tó ti kú lórí ìjókòó ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Òòlù wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Pákó ìdábùú tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ti kúrò níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, gbogbo ìṣó rẹ̀ ti yọ, ilẹ̀kùn iwájú sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.